Ojú Tí Ó Ń Ṣọ́ Owó Ìlú: Ìtàn Òfin Ìrajà ní Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kò sí ibi tí òwe yìí ti wúlò tó ibi tí owó ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wà ní ìkáwọ́ ènìyàn díẹ̀. Ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ọjà kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ra ọjà ọ̀wọ́n, àpò rẹ̀ ni yóò gbẹ. Bí ó bá ra ọjà tí kò dára, òun náà ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi owó ìlú ra ọjà, àpò ẹlòmíràn ni ó ń tọwọ́ bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì lo ohun tí ó rà. Bí ọjà náà bá wọ́n, kì í dùn ún. Bí ilé tí ó ní kí wọ́n kọ́ bá sì wó, ó ṣeé ṣe kí òun má sí nínú rẹ̀.

Àlàfo tí ó wà láàrin ẹni tí ó ni owó àti ẹni tí ó ń ná an yìí ni ó bí òfin ìrajà. Èyí tí a óò gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni òfin tí ó de àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, níbi tí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lọ. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé òfin kan lè dí ihò kan pa kí òmíràn sì là sílẹ̀, àti pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí a kọ sínú ìwé, ojú ènìyàn ni ó ń ṣọ́ owó.

Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1901, ní ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, J. Stanley Brown tí ó jẹ́ alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, àti William Rainey Harper tí ó jẹ́ olórí Yunifásítì Chicago, gbìmọ̀ pọ̀ láti ṣe ohun tuntun kan. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí ó bá jáde ní girama lè kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì ní ìlú rẹ̀, láìfi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Joliet Junior College yìí ni ó dàgbà jù lọ nínú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti ìjọba ní Amẹ́ríkà.

Kò pẹ́ tí Kalifọ́níà fi tẹ̀ lé e. Òfin ọdún 1907 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama láyè láti máa kọ́ni kọjá ìwé méjìlá. Ní ọdún 1910, ìlú Fresno ni ó kọ́kọ́ lo àǹfààní náà. Ní ọdún 1921, òfin mìíràn gbà pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ní ẹkùn tirẹ̀ àti ìgbìmọ̀ alákòóso tirẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman gbé kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga gbé ìwé jáde ní ọdún 1947. Ìwé náà ni ó sọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nígbà tí Kalifọ́níà ṣe ètò ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 1960, ó fi àyè yunifásítì sílẹ̀ fún àwọn tí ó ta yọ, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ̀kọ́ bá lè ṣe láǹfààní. Lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì 116 ni ó wà níbẹ̀, lábẹ́ ẹkùn 73.

Àwọn wo ni ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀? Ọmọ tálákà tí kò lè san owó yunifásítì ni, àti ìyá ọlọ́mọ tí ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, àti mẹ́káníìkì tí ó fẹ́ ní ìwé ẹ̀rí, àti àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ wọn a máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án kí wọ́n tó wá sí kíláàsì ní alẹ́. Ní ti owó, owó orí tí àwọn ará àdúgbò ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn ni orísun rẹ̀ látilẹ̀wá. Nígbà tí àwọn olùdìbò fi gègé lé owó orí náà ní ọdún 1978, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó gba púpọ̀ nínú ẹrù náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fọwọ́ sí ìnáwó kò yí padà. Àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso tí àwọn ará àdúgbò fi ìbò yàn ni: oníṣòwò, agbẹjọ́rò, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Nínú ìlú kékeré, wọ́n mọ agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe náà sì mọ̀ wọ́n. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, ó lè jẹ́ àna wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà.

Ibi tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá

Òfin ìrajà ti wà ṣáájú kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ní ọdún 1809, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé bí àwọn iléeṣẹ́ ìṣúra, ti ogun àti ti ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ ra ohun èlò, kí wọ́n rà á ní gbangba ọjà, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ kéde kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá iye tirẹ̀. Ní Kalifọ́níà, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó di ìpínlẹ̀ ní 1850, òfin ti wà pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó gbọdọ̀ ní èrè ti ara rẹ̀ nínú àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Àwọn aṣòfin náà mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì kò ní dá ọjà tí yóò dára fún ìlú.

Síbẹ̀, òfin tí ó wà nínú ìwé kò dí àwọn aláṣẹ ìlú New York lọ́wọ́. Ní ọdún 1861, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ lábẹ́ agbára William Tweed, olóṣèlú tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú gbogbo iṣẹ́ ìlú. Ní ọdún 1871, ìwé ìròyìn New York Times gba àkọsílẹ̀ ìnáwó ìlú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo ti gba owó tí ó ju mílíọ̀nù 12 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ ni mílíọ̀nù 7.2 dọ́là ni Amẹ́ríkà fi ra gbogbo ilẹ̀ Alaska lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní ọdún 1867. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé arẹ́lé kan gba owó tí ó lé ní 133,000 dọ́là fún iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Bí agbaṣẹ́ṣe bá gba owó tí kò yẹ, ó ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà fún àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún un. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Tweed kú sí ní ọdún 1878.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kọ́ nínú irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ fi yíyan agbaṣẹ́ṣe sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú aláṣẹ. Ẹ jẹ́ kí iye owó sọ̀rọ̀. Èrò yìí ni ó wọ inú òfin ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì bá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí Kalifọ́níà kó gbogbo òfin rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba jọ sínú ìwé òfin kan ṣoṣo ní ọdún 1981, orí kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò.

Bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí òfin náà sọ kò le láti lóye. Bí ohun èlò tàbí iṣẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ rà bá kọjá iye owó kan, ìgbìmọ̀ alákòóso kò gbọdọ̀ lọ bá ẹni tí ó wù wọ́n. Wọ́n ní láti kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkéde náà yóò sọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, ibi tí a óò ti gba ìwé ìdíyelé, ọjọ́ àti wákàtí tí a óò ṣí i. Olùdíje kọ̀ọ̀kan yóò kọ iye tirẹ̀ sínú àpòòwé, yóò sì lẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí wákàtí bá pé, wọ́n yóò ṣí gbogbo rẹ̀ ní gbangba, wọ́n yóò sì ka iye tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè. Èyí tí ó bá pẹ́ dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan, wọ́n yóò dá a padà láìṣí i. Bí wọ́n bá gba tí ẹni tí ó pẹ́, ta ni yóò lè búra pé kò gbọ́ iye tí àwọn yòókù dá kí ó tó kọ tirẹ̀?

Iye owó tí ó ń mú kí ìkéde di dandan kò dúró sójú kan. Fún ohun èlò àti àtúnṣe, òfin náà fi í sí 50,000 dọ́là, ó sì pàṣẹ pé láti ọdún 1997, kí àwọn alákòóso àgbà ìpínlẹ̀ máa tún un ṣe lọ́dọọdún bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i. Ní ọdún 2023, ó ti kọjá 100,000 dọ́là. Ti ilé kíkọ́ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: 15,000 dọ́là ni òfin náà kọ sílẹ̀ fún un.

Ẹni tí ó ń gba iṣẹ́ náà ni ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn tí ó ṣeé fọkàn tán. Gbólóhùn yìí ní apá méjì, apá kejì ni ó sì le. Kí ni ó mú ènìyàn ṣeé fọkàn tán? Òfin Kalifọ́níà dáhùn pé ó gbọdọ̀ jẹ́ olóòótọ́, kí ó ní ìmọ̀, agbára àti ìrírí tí ó tó láti ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ. Àwọn aláṣẹ kan rí ihò nínú èyí. Wọ́n rò pé àwọn lè wo ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù, kí àwọn sọ pé ẹlòmíràn ṣeé fọkàn tán jù ú lọ, kí àwọn sì gbé iṣẹ́ fún ẹni tí ó wà lọ́kàn àwọn. Ní ọdún 1972, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kalifọ́níà dí ihò náà. Ó ní kì í ṣe ìdíje ta ni ó sàn jù ni ọ̀ràn yìí. Bí ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù lọ bá tó iṣẹ́ náà ṣe, òun ni ó ni í. Bí ìgbìmọ̀ bá sì fẹ́ kọ̀ ọ́, wọ́n gbọdọ̀ sọ ẹ̀sùn tí wọ́n gbọ́ fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kò fi iye owó nìkan yàn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í bèèrè oníṣègùn tí ó pọ́ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òfin sọ pé kí a fi ìmọ̀ àti ìrírí yan ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ra ohun èlò lórí àdéhùn tí iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn ti fi ìdíje ṣe, láìtún kéde, kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké lè jẹ nínú ẹ̀dínwó àwọn ńlá.

Nígbà tí ilẹ̀ mì

Ọ̀ràn kan wà tí ìdíje iye owó kò lè yanjú. Agbaṣẹ́ṣe méjì lè dá iye lé ilé kan náà, kí tì ọ̀kan kéré nítorí pé ó mọṣẹ́, kí ti èkejì kéré nítorí pé ó fẹ́ dín sìmẹ́ǹtì kù. Ní ọjọ́ tí a bá ṣí àpòòwé, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì jọ. Ogiri ni ó mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1933, díẹ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ mì ní agbègbè Long Beach ní gúúsù Kalifọ́níà. Nǹkan bí ọgọ́fà ènìyàn ni ó kú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kó jìnnìjìnnì bá àwọn òbí ni ipò tí wọ́n bá àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 230 ni ó wó, tàbí tí ó bàjẹ́ gidigidi, tàbí tí wọ́n sọ pé kò ṣeé wọ̀ mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí ó wà ní Compton wà lára àwọn tí ó fara gbá a. Ògiri bíríkì tí kò ní irin nínú ni púpọ̀ nínú wọn, àpòlù tí wọ́n fi mọ ọ́n kò lágbára, wọn kò sì so ó mọ́ òrùlé dáadáa. Ká ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú ni ilẹ̀ ti mì, nígbà tí kíláàsì kún fún ọmọ, ta ni ìbá lè ka òkú?

Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tuntun tí a mọ̀ sí Òfin Field, nítorí aṣòfin Don Field ni ó gbé e wá. Òfin náà kò fagi lé ìdíje iye owó, ṣùgbọ́n ó fi ojú tì í lẹ́yìn. Ó ní àwọn ẹnjiníà ìjọba ìpínlẹ̀ gbọdọ̀ yẹ àwòrán ilé ẹ̀kọ́ wò kí a tó gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní olùbẹ̀wò gbọdọ̀ wà níbi iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kì í sì í ṣe agbaṣẹ́ṣe ni yóò máa san owó rẹ̀. Ayàwòrán, olùbẹ̀wò àti agbaṣẹ́ṣe yóò fọwọ́ sí ìwé pé bí a ti yà á ni a kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá purọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ìbúra èké ni ó dá. Ojú méjì ni ilé ẹ̀kọ́ wá ní: ọ̀kan ń wo iye, èkejì ń wo ogiri.

Ọgbọ́n àrékérekè àti ìdáhùn òfin

Bí òfin bá ṣe ń gbọ́n ni ènìyàn ṣe ń gbọ́n. Ẹni tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìkéde lè pín in sí wẹ́wẹ́: kí ó ra àga kíláàsì kan lónìí, ti kíláàsì kejì ní ọ̀la, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn má baà dé iye tí òfin sọ. Òfin Kalifọ́níà dárúkọ ìwà yìí ní tààràtà, ó sì kà á léèwọ̀.

Èkejì ni ti àwọn agbaṣẹ́ṣe fúnra wọn. Agbaṣẹ́ṣe ńlá a máa gba iye lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ iná, oníṣẹ́ omi àti kanlékanlé kí ó tó kọ iye tirẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ sí i lọ́wọ́ tán, a padà lọ bá wọn, a ní, “Ẹlòmíràn ní òun yóò ṣe é ní owó tí ó dín sí èyí.” Wọ́n á sì máa já iye ara wọn sílẹ̀ títí iṣẹ́ náà kò fi ní lè dára mọ́. Èrè ìjásílẹ̀ yìí kò kan kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àpò agbaṣẹ́ṣe ni ó ń lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń jókòó sábẹ́ òrùlé tí ó ń jò. Ní ọdún 1963, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí olùdíje kọ orúkọ gbogbo oníṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn bá ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye náà lọ sínú ìwé ìdíyelé rẹ̀. Kò lè ṣàdéédéé pààrọ̀ wọn lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kẹta ni pàjáwìrì. Bí páìpù bá bẹ́ tàbí tí iná bá jó ilé, kò sí ẹni tí yóò dúró de ìkéde ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn a máa rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Nítorí náà, òfin ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ alákòóso fohùn ṣọ̀kan pé pàjáwìrì ni lóòótọ́, kí alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ti agbègbè náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá sọ pé rárá, ó ti dá a dúró.

Nígbà tí owó ńlá dé

Títí di òpin ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ó ṣòro fún kọ́lẹ́ẹ̀jì láti yá owó ilé kíkọ́, nítorí pé ìdá méjì nínú mẹ́ta olùdìbò ni ó gbọdọ̀ gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, àwọn ará Kalifọ́níà dìbò láti sọ iye náà di 55 nínú 100. Ṣùgbọ́n wọ́n so májẹ̀mú mọ́ ọn. Ìwé ìnáwó náà gbọdọ̀ di yíyẹ̀wò lọ́dọọdún, ẹkùn kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan sì gbọdọ̀ yan ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú láti máa ṣọ́ ọ. Ènìyàn méje ó kéré tán ni yóò wà nínú rẹ̀: a gbọdọ̀ rí oníṣòwò, àgbàlagbà, àti ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń san owó orí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe tí ó ń bá a dòwò pọ̀ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Òfin náà mọ̀ pé ẹni tí yóò jókòó nínú ilé náà ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bí a ti ń kọ́ ọ.

Ẹkùn kọ́lẹ́ẹ̀jì Los Angeles, tí ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́sàn-án, ni ó lo àǹfààní yìí jù lọ. Nínú ìdìbò ọdún 2001, 2003 àti 2008, àwọn ará ìlú gbà kí ó yá owó tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 5.7 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó dára ni wọ́n fi kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn Los Angeles Times kọ ọ̀wọ́ àròkọ kan tí ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ti ṣòfò: iṣẹ́ tí a ṣe tí kò dára, ètò tí a pa tì lẹ́yìn tí owó ti wọlé sí i. Ní ọdún kan náà, ẹni tí ó ń mójú tó owó ìpínlẹ̀ sọ nínú àyẹ̀wò rẹ̀ pé ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ó yẹ kí ó ṣọ́ owó náà kò ṣọ́ ọ tó.

Ó yẹ kí a ronú sí èyí dáadáa. Ìkéde wà, àpòòwé wà, ìgbìmọ̀ wà, ìwé sì kún káńtà. Kì í ṣe gbogbo owó tí ó ṣòfò ni olè jí. Òfin ìdíje ń ṣọ́ ọjọ́ tí a ra ọjà. Kò ṣọ́ àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí a ń yí àwòrán padà, tí a ń fi kún iye, tí a ń gba iṣẹ́ tí kò yẹ kí a gbà. Ìgbìmọ̀ tí ó bá sì ń jókòó láti gbọ́ ìròyìn, tí kò bèèrè ìbéèrè, àga ni ó kún, kì í ṣe ojú.

Òfin tí a fi pa ẹnu mọ́

Ìtàn kan kù tí ó fi ẹ̀yìn ọ̀ràn yìí hàn. Ní ọdún 2010, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kan ní ìhà gúúsù Kalifọ́níà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ìròyìn tí ó máa ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣe àwọn alákòóso. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn alákòóso dá títẹ̀ rẹ̀ dúró. Ohun tí wọ́n wí ni pé àdéhùn tí ó wà pẹ̀lú ilé ìtẹ̀wé kò gba ọ̀nà tí ìlànà ìrajà kọ́lẹ́ẹ̀jì là sílẹ̀. Ìlànà náà wà nínú ìwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ó ń jà fún òmìnira ìwé ìròyìn sọ pé kò sí ẹni tí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti pé ẹnu ni wọ́n fẹ́ pa mọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ àgbàṣe ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí sì wà lára wọn. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ gbà pé àwọn jẹ̀bi ọ̀ràn ẹ̀bùn tí agbaṣẹ́ṣe ń fúnni: oúnjẹ alẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ibi eré, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí wọn kò kọ sílẹ̀. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òfin kan náà tí a ṣe kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sórí owó ìlú ni a fẹ́ lò láti pa fìtílà àwọn tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà.

Ohun tí ìtàn yìí fi lélẹ̀

Bí a bá tò ó láti 1809 títí di òní, a óò rí i pé gbogbo ìgbà tí òfin yìí bá ṣiṣẹ́, ẹnìkan ti wo ibi tí a kò fẹ́ kí ó wò. Ìwé ìròyìn ni ó tú àṣírí Tweed. Olùbẹ̀wò tí agbaṣẹ́ṣe kò san owó fún ni ó ń wo inú ogiri láti ọdún 1933. Gbogbo ìgbà tí ó bá sì kùnà, ìwé ti pé, ojú ni kò sí níbẹ̀. Gbèdéke 50,000 dọ́là ti yí padà, yóò sì tún yí padà. Ohun tí kò yí padà ni pé ọjà tí a rà ní ìkọ̀kọ̀ a máa wọ́n ju èyí tí a rà ní gbangba lọ, bí kò tilẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ tí a rà á.

Ọ̀ràn mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ fún àpérò àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ó yẹ kí iye owó ṣì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ń wò, tàbí kí a máa wo bí ohun tí a rà yóò ti pẹ́ tó? Ta ni ó yẹ kí ó yan àwọn tí ó ń ṣọ́ ìgbìmọ̀ alákòóso, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń yàn wọ́n ní Kalifọ́níà? Ẹ̀kẹta ni ó sún mọ́ àwọn ọ̀dọ́ jù lọ: akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin fún ní àga nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣọ́ owó, ìmọ̀ wo ni ó yẹ kí a ti fún un ní kíláàsì, kí ó tó lè mọ ìbéèrè tí yóò bèèrè nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ìnáwó síwájú rẹ̀?